Owó Ẹyọ Nínú Ìwé Àwọn Ará Ṣáínà

Wo àmì yìí: 貝. Àwọn ará Ṣáínà ń pè é ní "béì". Ó dà bí àpótí tó dúró lóòró, tí ìlà méjì dábùú inú rẹ̀, tí ẹsẹ̀ kéékèèké méjì sì yọ nísàlẹ̀. Àwòrán owó ẹyọ ni. Lónìí, ó ṣòro kéèyàn tó rí ẹyọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ní nǹkan bí 3,200 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò fún ọba ń fín in sára egungun màlúù àti ìkarahun ìjàpá, ikùn ẹyọ tó là sí méjì hàn gbangba.

Ẹyọ níyì nígbà náà. Ní ọdún 1976, ní ìlú Anyang, wọ́n hú ibojì Fu Hao, ìyàwó ọba kan nígbà náà tó tún jẹ́ balógun. Owó ẹyọ tó lé ní 6,000 ni wọ́n bá níbẹ̀. Ọba a máa fi ẹyọ ta ìjòyè lọ́rẹ. Ìjòyè náà á ní kí wọ́n rọ ìkòkò idẹ, á sì kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn náà sí i lára. Àwọn baba wa ń sín ogójì ẹyọ sí okùn kan. Àwọn ará Ṣáínà náà ń sín tiwọn, "peng" ni wọ́n ń pe okùn náà.

Nígbà tó yá, owó bàbà gbapò ẹyọ lọ́jà. Síbẹ̀, ẹyọ wà nínú ìwé wọn títí dòní. Wo 買, "rà": àwọ̀n ló wà lókè, ẹyọ wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹyọ wà nínú 財, "ọrọ̀", àti nínú 賭, "ta tẹ́tẹ́". Èyí tó wù mí jù ni 貧, "òṣì". Apá òkè rẹ̀, 分, ni "pín". Ẹyọ tí wọ́n pín títí tí kò fi ku nǹkan gidi! Ẹni tó bá ti bá ẹbí pín ogún rí kò ní béèrè àlàyé.

Ìyá tó ń rẹ ọmọ rẹ̀ ní Ṣáínà lè pè é ní 寶貝, ohun iyebíye. Àwọn olólùfẹ́ náà ń pe ara wọn bẹ́ẹ̀.

Láti àwọn ọdún 1950 ni ìjọba Ṣáínà ti gé àmì 貝 kúrú sí 贝, ṣùgbọ́n 貝 ni wọ́n ṣì ń kọ ní Taiwan. Ìlà méje ni wọ́n fi ń kọ 貝, mẹ́rin ni ti 贝. Mú bírò rẹ, kí o kọ méjèèjì wò.