Wíwà Kì í Ṣe Wíwá

“Wọ́n ń wa jípúsọ̀mù ní Nàfádà.” “Wọ́n ń wá jípúsọ̀mù ní Nàfádà.” Àmì ohùn kan ṣoṣo ló ya gbólóhùn méjèèjì, ṣùgbọ́n àwọn ti àkọ́kọ́ ti gbé dígà, wọ́n ti ń làágùn, àwọn ti èkejì ṣì ń fojú wá ibi tó yẹ kí wọ́n gbẹ́. Akọ̀ròyìn tó bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i ti fi òǹkàwé sínú òkùnkùn.

Òfin rẹ̀ kò le. Ohùn ìsàlẹ̀ ni “wà” fúnra rẹ̀: “ohun tí wọ́n ń wà”. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e, ohùn rẹ̀ á bọ́ sí àárín: wa kùsà, wa iṣu, wa ọkọ̀. Bó bá jẹ́ arọ́pò-orúkọ ni, ó padà sí ìsàlẹ̀: “wọ́n ń wà á”. “Wá” ní tirẹ̀ kì í yẹsẹ̀: wá kùsà, wá a. Nítorí náà, “awakùsà” ni ká máa kọ. Ẹni tó bá kọ “awákùsà” ti sọ òṣìṣẹ́ di ẹni tó ń wá iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ míì tó máa ń da àwọn ènìyàn rú ni “gbẹ́”. À ń gbẹ́ kànga, à ń gbẹ́ kòtò. A tiẹ̀ lè wa ihò. Ṣùgbọ́n kò sí àgbẹ̀ tó máa sọ pé òun fẹ́ lọ gbẹ́ iṣu. Bó bá kan ilẹ̀, ihò ni “gbẹ́” ń bá wí. “Wà” lè bá ihò wí, ó sì lè bá ohun tó wà nínú rẹ̀ wí. Ní Nàfádà ní ìpínlẹ̀ Gombe, àti ní Fíkà ní Yobe, jípúsọ̀mù sá sáàárín amọ̀ líle bí iṣan, nínú ilẹ̀ tí òkun bò ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Òkúta tó ń dán ni, ó sì rọ̀ débi pé èékánná lè ha á. Àwọn awakùsà á gbẹ́ kòtò, wọ́n á sì wa jípúsọ̀mù. Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì tó wà ní Ashaka, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1979, kò jìnnà síbẹ̀. Díẹ̀ nínú jípúsọ̀mù ni wọ́n ń lọ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì. Láìsí i, sìmẹ́ńtì á dì kí bíríkìlà tó rò ó tán.

Kò wá jẹ́ pé gbogbo ohun inú ilẹ̀ là ń wà. Ẹ wo kán-ún tí à ń bù sínú ewédú. Ní Kanem, létí adágún Chad, omi máa ń gbẹ nínú kòtò tó wà láàárín òkìtì iyanrìn, kán-ún á sì dì sílẹ̀ ní ìpele-ìpele. Gígé ni wọ́n ń gé e ní pẹlẹbẹ. Láyé àtijọ́, ràkúnmí àti màlúù ló ń rù ú lọ sí Bornu. Láti ibẹ̀ ló ti ń dé Kano, tí àwọn oníṣòwò fi ń gbé e wọ ilẹ̀ Yorùbá.

Ní Bodélé, ní àríwá orílẹ̀-èdè Chad, afẹ́fẹ́ ló ń ṣe iṣẹ́ awakùsà. Ní nǹkan bí 7,000 ọdún sẹ́yìn, adágún Chad fẹ̀ ju 300,000 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ. Àwọn ohun abẹ̀mí wínníwínní tí ojú lásán kò lè rí ń gbé inú omi náà. Èèpo wọn le bí dígí. Bí wọ́n ti ń kú ni èèpo yẹn ń rì sísàlẹ̀, tí wọ́n ń gorí ara wọn, títí omi fi gbẹ, tó ku dáyátómáìtì, ilẹ̀ funfun tó fúyẹ́. Afẹ́fẹ́ tó ń gba àárín òkè Tibesti àti Ennedi kọjá ń fi iyanrìn ha á, èyí tó kúnná á sì gbéra. Nígbà ọyẹ́, díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń bà lé páànù òrùlé wa. “Ha” lọ̀rọ̀-ìṣe ibí yìí. Nígbà tó wà nílẹ̀, erùpẹ̀ ni. Bó ti gbéra, ó di eruku. Èyí tí ènìyàn bá wà, tó sì lọ̀ kúnná, ìyẹ̀ ni, bíi ti ìyẹ̀rosùn.

Ìyẹ̀ dáyátómáìtì ní ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀. Ó ń fa omi mu: òun ni Alfred Nobel fi fa nitroglycerin mu nígbà tó ṣe dáyánámáìtì ní 1867, kó má baà máa bú gbàmù lójijì. Àwọn ilé-iṣẹ́ ọtí sì fi ń sẹ́ bíà, bí a ti ń sẹ́ ògì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pe jípúsọ̀mù tàbí dáyátómáìtì ní “ẹfun” nítorí pé wọ́n funfun. Ẹfun rọ̀ nínú omi, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. A fi ń kun ara àti ojúbọ. Dáyátómáìtì gbígbẹ lè léfòó lórí omi. Kò sí ohun tó burú nínú kí a yá orúkọ fún ohun tí kò ní orúkọ nílé. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni kò sí ìdí láti yá: wà, wá, gbẹ́, gé, ha, fà, sẹ́, gbogbo wọn ti wà lẹ́nu wa kí jípúsọ̀mù tó dé inú ìwé ìròyìn.