Bí A Ṣe Lè Kọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Láti Ṣírò Máàsì

Ẹ má tíì kọ fọ́múlà kankan sójú pátákó. Ẹ wá ọmọlanke ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan, ẹ kó iyanrìn díẹ̀ sí i, kí akẹ́kọ̀ọ́ kan tì í. Ẹ wá kó iyanrìn kún un dé etí, kí ó tún fi irú ipá kan náà tì í. Ọmọlanke dára ju bárò lọ: ẹni tó fẹ́ ti bárò ní láti kọ́kọ́ gbé e, á sì máa rò pé ìwúwo là ń sọ. Bí láàbù yín bá ní òṣùwọ̀n onísípíríǹgì, ẹ fi fa á, kí ipá má baà yàtọ̀.

Ohun tí kò jẹ́ kí ọmọlanke tó kún yẹn tètè gbéra, máàsì ni. Ìgbà yìí ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ òfin kejì Newton bí a ṣe ń kọ ọ́ lónìí: F = ma. F ni ipá, m ni máàsì, a sì ni ìyárasí, ìyẹn bí eré nǹkan ṣe ń lé sí i ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ máàsì là ń wá, m = F/a.

Àwọn olùkọ́ kan máa ń ya onígun mẹ́ta, wọ́n á kọ F, m àti a sínú rẹ̀, pé kí ọmọ fi ìka bo lẹ́tà tó ń wá. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ọmọ á mọ ibi tó máa fi ìka sí, kò ní mọ F tó yẹ kó lò, ibẹ̀ gan-an sì ni ìṣirò ti ń dàrú.

Ẹ wo irú ìbéèrè yìí: a fi 60 N ti ọmọlanke tó dúró jẹ́ẹ́, lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 2, eré rẹ̀ di 3 m/s. Ìfọwọ́ra òun àti ilẹ̀ ń fi 15 N fà á sẹ́yìn. Kí ni máàsì rẹ̀? Ìyárasí ni 3 ÷ 2, ìyẹn 1.5 m/s². Ọ̀pọ̀ á sáré fi 1.5 pín 60, wọ́n á ní 40 kg. Ẹ má tíì fi ìnkì pupa fà á. Kí wọ́n ya ọmọlanke náà, kí wọ́n fa ọfà 60 síwájú, 15 sẹ́yìn, kí wọ́n wo èyí tó ṣẹ́ kù. 45 N péré ló ń mú un yára. 45 ÷ 1.5 = 30 kg.

Ohun mìíràn tó máa ń da ìṣirò rú ni ìdíwọ̀n: gíráàmù gbọ́dọ̀ ti di kílò kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀. 36 km/h gbọ́dọ̀ ti di 10 m/s.

Ìwúwo náà máa ń dà wọ́n láàmú, torí kílò la fi ń wọn nǹkan lọ́jà. Máàsì àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ 50 kg. Ìwúwo rẹ̀, ìyẹn ipá tí ayé fi ń fà á, jẹ́ nǹkan bíi 490 N. Lórí òṣùpá, ìwúwo yẹn á dín kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà, 50 kg náà ni máàsì ṣì máa jẹ́.

Bí wọ́n bá bi yín pé kí ni èyí wúlò fún, ẹ mú wọn lọ sí ibùdó òfúrufú àgbáyé. Ńṣe ni èèyàn ń léfòó níbẹ̀, òṣùwọ̀n tí à ń gùn kò lè ka ohunkóhun. Ẹ̀rọ kan ló máa ń fi ipá tí wọ́n ti mọ̀ fa onítọ̀hún, á wo bó ṣe yára sí, á sì ṣírò máàsì rẹ̀. Kí wọ́n gbìyànjú ẹ̀: bí ipá bá jẹ́ 30 N, tí ìyárasí sì jẹ́ 0.4 m/s², kílò mélòó ni? 75 ni. Ẹni tó bá sọ nọ́ńbà méjèèjì di púpọ̀ á mú 12 wá. Ẹ bi í bóyá ọmọ ọdún méjì ni wọ́n rán lọ sókè ọ̀hún.