Ta Ló Mọ Yorùbá Tó Kí Ó Kọ́ Ọmọ Wa? Ẹ̀sùn Àwọn Òbí ní Agbègbè Aláúsá

Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ẹ̀sùn tí àwọn òbí fi ń kan àwọn olùkọ́ Yorùbá ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni láti Aláúsá dé Agídíngbì, títí dé ọ̀nà Agége. Ẹ̀sùn náà kò gùn: wọ́n ní olùkọ́ kò mọṣẹ́. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àwa tí a ń ka èdè Yorùbá ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, nítorí àwa ni a ó dúró níwájú pátákó yẹn lọ́la.

Ẹ̀sùn yìí kì í ṣe tòní. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni Ìkẹjà àti Agége ṣì wà. Iye ọmọ tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 sí ohun tó lé ní 811,000 ní 1955. Níbo ni wọn yóò ti rí olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́ tí yóò kárí wọn? Ọ̀pọ̀ ẹni tí kò tíì gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n kó wọ kíláàsì. Àwọn òbí pariwo pé ẹ̀kọ́ ń jó àjórẹ̀yìn, débi pé ní òpin ọdún 1960 ìjọba gbé ìgbìmọ̀ Banjo dìde láti wádìí rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kárí orílẹ̀-èdè ní 1976, irú ariwo bẹ́ẹ̀ tún sọ. Ọdún 1993 ni òfin tó dá àjọ tí ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, TRCN, jáde, ìwé ẹ̀rí NCE sì ni ó kéré jù tí a ń béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ báyìí.

Ti Yorùbá wá ní ọ̀nà tirẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2018, Gómìnà Akinwunmi Ambode bọwọ́ lu òfin tó sọ Yorùbá di dandan ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ìjọba àti ti aládàáni. Aláúsá níbí náà ni wọ́n ti ṣe òfin ọ̀hún. Òfin dára, ṣùgbọ́n òfin kì í bí olùkọ́. Ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní olùkọ́ Yorùbá wo inú ọgbà, ó rí ẹni tó ń kọ́ wọn ní ìmọ̀ Bíbélì tàbí iṣẹ́ ọwọ́, ó ní, "Ṣebí ọmọ Yorùbá ni ọ́, gba èyí náà kún un."

Mo rí ohun tí èyí ń dá sílẹ̀ nígbà tí mo gbé lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi ní àsìkò ìsinmi. Ilé iṣẹ́ kan ní àdúgbò náà ni ó ti ń ṣiṣẹ́, ó sì máa ń ṣe òru, nítorí náà èmi ni mo ń bá ọmọ rẹ̀ wo iṣẹ́ àmúrelé. Olùkọ́ ní kí wọ́n kọ fáwẹ̀lì Yorùbá márààrún sílẹ̀. Ọmọ kọ méje, olùkọ́ fa igi lé e. Ohun tó fẹ́ ni a, e, i, o, u. Ìyá rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀, ó gba ilé ẹ̀kọ́ lọ tààrà. Èsì tí ọ̀gá fún un ni pé, "Mọ́mì, ọmọ Yorùbá pọ́ńbélé ni tíṣà wa."

Èsì yìí gan-an ni àrùn náà. Àìmọye ènìyàn ló ń sọ Yorùbá láìmọ̀ pé fáwẹ̀lì àìránmúpè rẹ̀ jẹ́ méje, tí àránmúpè jẹ́ márùn-ún nínú àkọtọ́, tàbí pé "an" àti "ọn" kò yàtọ̀ létí bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a ń kọ "tán", a sì ń kọ "pọ́n". Ẹni tó ń jẹun lójoojúmọ́ kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di dókítà inú. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni olùkọ́ yẹn wọ̀ sí Yorùbá lọ́rùn. Ìyá ọmọ jàre rẹ̀ pátápátá.

Ṣùgbọ́n bàbá àgbà kan wà nínú ilé kan náà tí ẹjọ́ tirẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó bínú pé olùkọ́ kọ "ayé", "ènìyàn" àti "àlàáfíà", nígbà tó jẹ́ pé "aiye", "enia" àti "alafia" ni òun kà dàgbà, tí òun ṣì ń kà nínú Bíbélì òun. Ó ní ọmọ-ọmọ òun ti bàjẹ́. Níbi yìí, olùkọ́ ló jàre. Ìgbìmọ̀ tó yẹ àkọtọ́ wò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1966, ó jábọ̀ ní 1969, àkọtọ́ tí a sì ń lò di ti ilé ẹ̀kọ́ ní 1974. Síbẹ̀, nígbà tí mo bi olùkọ́ náà ní ìdí tí a fi kọ fáwẹ̀lì méjì sínú "àlàáfíà", ó ní, "Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn." Kì í ṣe irọ́ ló pa, ṣùgbọ́n irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kò lè fi bàbá lọ́kàn balẹ̀. Ká ní ó sọ pé ohùn méjì ni etí ń gbọ́ lórí "a" àárín, àti pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní fáwẹ̀lì tirẹ̀, bóyá bàbá ì bá rẹ́rìn-ín.

Àwọn òbí mìíràn a máa bínú sí ẹ̀ka-èdè. Olùkọ́ tó ti Èkìtì wá, tí "ulé" bọ́ lẹ́nu rẹ̀ dípò "ilé", kò ṣẹ̀ níwọ̀n ìgbà tó bá kọ "ilé" sójú pátákó. Èmi ò rí ẹ̀bi níbẹ̀ rárá.

Ohun tó ń dùn mí ni pé olùkọ́ tó jẹ̀bi àti èyí tó jàre lè pàdánù iṣẹ́ bákan náà, torí pé ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ kò mọ èyí tó tọ̀nà. Bí òbí bá fẹ́ mọ̀, kí ó béèrè ní ìpàdé òbí àti olùkọ́ pé ẹ̀kọ́ wo gan-an ni olùkọ́ Yorùbá yìí kà fún NCE rẹ̀. Kí ó ní kí ó ka ojú ìwé kan sókè, kí ó fi ohùn ya ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sọ́tọ̀, kí ó ṣàlàyé bí a ṣe fi àádọ́ta rí márùndínláàádọ́ta. Kò yẹ kí eléyìí gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Àwa náà lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Àwa tí ilé wa wà ní Ìkẹjà àti Agége pọ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí; ní ìsinmi tó ń bọ̀, ẹni méjì-méjì lè lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan, kí wọ́n bá olùkọ́ jókòó ti ìwé àkọtọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, láìgba kọ́bọ̀. Mo ti fi orúkọ tèmi sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé.