Nígbà Tí Ara Bá Ń Yá Díẹ̀díẹ̀

*ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀*
*Bíbélì kíkà:* Máàkù 8:22-26
*Ẹ tún ka:* 2 Àwọn Ọba 20:1-7; Sáàmù 13

A dúpẹ́ pé a jí. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà láàárín wa tí wọn ò sùn lóru àná rárá. Ẹnìkan ń ṣọ́ aago, kó lè yí ìyá rẹ̀ padà lórí ibùsùn kí ẹ̀yìn wọn má baà dégbò. Ẹlòmíràn jókòó ti ọkọ rẹ̀ ní wáàdì, orí àga ni ilẹ̀ mọ́ ọn sí. Ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rọ̀ òwúrọ̀ yìí wà fún.

Nígbà tí àìsàn bá kọ́kọ́ dé, gbogbo wa la máa ń sáré. Ìjọ á gbààwẹ̀, fóònù ò ní sinmi. Tí ẹni náà bá là á já, a ó yọ̀, a ó dúpẹ́, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Èyí tó ṣòro ni ohun tó ń tẹ̀lé e: oṣù kìíní, oṣù kẹta, oṣù kẹfà. Ọwọ́ òsì ò tíì lè gbé ife. Ọ̀rọ̀ ṣì ń lọ́ lẹ́nu. Àwọn tó ń pè ti dín kù. Nígbà yẹn ni ẹni tó ń gbàdúrà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ pé: ṣé àdúrà mi ò gbà ni? Àbí ìgbàgbọ́ mi ló kéré?

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bẹtisáídà. Àwọn èèyàn mú afọ́jú kan wá, wọ́n bẹ Jésù pé kó fọwọ́ kàn án. Jésù fà á lọ́wọ́ jáde kúrò ní ìletò. Ó tutọ́ sí i lójú, Ó gbé ọwọ́ lé e, Ó wá bi í bóyá ó rí nǹkan. Ọkùnrin náà gbójú sókè, ó ní òun rí èèyàn, ṣùgbọ́n bí igi ni wọ́n rí lójú òun, wọ́n sì ń rìn. Jésù tún gbé ọwọ́ lé e lójú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìgbà yẹn ni ojú rẹ̀ tó mọ́ kedere. Nínú ìwé Ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Máàkù nìkan ló kọ ìtàn yìí sílẹ̀ fún wa.

*1. Ìwòsàn tí kò tíì parí, ìwòsàn náà ni.*

Bíbélì kò sọ ìdí tó fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì ni Jésù fọwọ́ kàn án, àwa náà ò ní fi tiwa kún un. Ohun tí a rí kà ni pé Jésù kò bá ọkùnrin náà wí. Kò sọ fún un pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ò pé. Kò sì fi í sílẹ̀ síbi tó ti ń wo èèyàn bí igi. Ẹni tó ń rí èèyàn bí igi kì í ṣe afọ́jú mọ́. Ojú rẹ̀ ò tíì mọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ti kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Bí ìyá yín ò bá lè jókòó lóṣù tó kọjá, tí wọ́n wá ń jókòó lónìí bí a bá fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn wọn, ọwọ́ Olúwa ti wà níbẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Ẹ má fi ojú kéré ibi tó gùn dé.

*2. Ẹ sọ òtítọ́ ibi tí nǹkan dé.*

Èyí ni kókó ọ̀rọ̀ wa lónìí. A ní àṣà kan. Tí wọ́n bá ní, "Ara Bàbá ń kọ́?", a ó ní, "A dúpẹ́." Ó dáa, ìdúpẹ́ dára. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, "a dúpẹ́" yẹn la fi ń bo egbò mọ́lẹ̀. A ń bẹ̀rù pé tí a bá sọ pé wọn ò tíì rìn, àwọn ará á ní a ò nígbàgbọ́. Àwọn kan tilẹ̀ ti gun pẹpẹ lọ jẹ́rìí sí ìwòsàn tí kò tíì dé, nítorí pé wọ́n rò pé òtítọ́ á bí Ọlọ́run nínú.

Ẹ wo ọkùnrin yìí. Jésù fúnra Rẹ̀ ló bi í léèrè, iwájú Rẹ̀ gan-an ló sì ti sọ pé òun ò tíì rí dáadáa. Òtítọ́ yẹn ò dá ìfọwọ́kàn kejì dúró. Lẹ́yìn tó sọ ọ́ gan-an ni Jésù tún gbé ọwọ́ lé e.

Dáfídì náà, nínú ẹsẹ méjì àkọ́kọ́ Sáàmù 13, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló bi Ọlọ́run léèrè pé yóò ti pẹ́ tó. Kò tọrọ àforíjì pé òun béèrè. Kí sáàmù kékeré náà tó parí, ó ti ń kọrin. Nítorí náà, ní àárọ̀ yìí, ẹ sọ fún Olúwa bó ṣe rí: "Ó ti rẹ̀ mí. Owó ń tán lọ. Mo gbé wọn lálẹ́ àná, ẹ̀yìn ń dùn mí." Ìgbàgbọ́ kọ́ ni kí á máa purọ́ fún Ẹni tó ń wo wàá wọ yàrá náà.

*3. Àdúrà àti oògùn kì í ṣe ọ̀tá ara wọn.*

Ọba Hesekáyà kojú sí ògiri, ó sunkún, ó gbàdúrà. Wòlíì Àìsáyà ò tíì jìnnà kúrò láàfin tí Ọlọ́run fi dáhùn: Ó máa fi ọdún 15 kún ọjọ́ ayé ọba. Síbẹ̀, Àìsáyà ní kí wọ́n mú èso ọ̀pọ̀tọ́ wá, wọ́n sì fi lé oówo náà. Ìdáhùn àdúrà ti dé, wọ́n ṣì lo ìtọ́jú. Ọjọ́ kẹta ni Olúwa sì ní ọba máa gòkè lọ sí tẹ́ńpìlì, kì í ṣe lójú ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á mú àrùn rọpárọsẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní stroke. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára ohun tó sábà máa ń fà á. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó dé ibì kan nínú ọpọlọ ò ní dé ibẹ̀ mọ́: bóyá ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí ojú iṣan, tàbí kẹ̀, iṣan náà ló bẹ́. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò dé yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, èyí tó bá sì kú nínú ọpọlọ kì í hù padà bí èékánná. Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́dàá wa ti fi nǹkan kan síbẹ̀: ibi tó ṣẹ́kù lè kọ́ iṣẹ́ èyí tó bàjẹ́. Àkọ́túnkọ́ ló fi ń kọ́ ọ, bí ọmọdé ṣe ń kọ́ ìrìn. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣẹ́ físíò fi ń ní kí Bàbá gbé ẹsẹ̀ kan náà léraléra, kí wọ́n tún gbé e lọ́la. Wọn ò fìyà jẹ wọ́n o. Oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ ni ìyàtọ̀ sábà máa ń yára hàn jù. Lẹ́yìn náà, á máa falẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì lè máa bá a lọ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kódà fún ọdún.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ ìgbàgbọ́ gba oògùn lọ́wọ́ aláìsàn yín. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà pariwo. Èèyàn lè rò pé ara òun ti balẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ ṣì ga gan-an, kí rọpárọsẹ̀ mìíràn sì wá kọlù ú. Tí oògùn bá ń da ara láàmú, tàbí tí owó rẹ̀ bá ti wọ́n jù, ẹ lọ sọ fún dókítà bóyá a lè rí òmíràn. Ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ẹ gbàdúrà lé oògùn náà, kí ẹ sì lò ó.

*4. Ẹni tí ó ń ṣàìsàn ṣì wà níbẹ̀.*

Àwọn àgbà tún ní ẹni a gbé pọ̀n ò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Nínú ọ̀rọ̀ àìsàn, ẹni tí a gbé pọ̀n sábà máa ń mọ̀. Ó ń gbọ́ bí ẹni tó pọ̀n ọ́n ṣe ń mí, ojú sì ń tì í. Bàbá tó ti ń bọ́ ilé láti ogójì ọdún, tí ọmọ wá ń fi ṣíbí bọ́ lónìí, mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí òun.

Àwọn mìíràn mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ náà ni kò jáde. Wọ́n fẹ́ béèrè omi, ẹnu wọn ń pe bàtà. Làákàyè wọn lè wà pérépéré. Ẹ má máa sọ̀rọ̀ wọn lórí wọn bí ẹni pé wọn ò sí níbẹ̀. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè tí wọ́n lè fi orí dáhùn, kí ẹ sì dúró dè wọ́n. Ìbànújẹ́ ọkàn wọ́pọ̀ lẹ́yìn rọpárọsẹ̀. Tí wọ́n bá ń sunkún ṣáá, tí wọn ò fẹ́ jẹun mọ́, kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Ẹ jẹ́ kí dókítà gbọ́. Tí ẹ bá sì fẹ́ gbàdúrà, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wọn ohun tí wọ́n fẹ́ kí ẹ bá wọn bẹ Ọlọ́run fún. Ó lè yà yín lẹ́nu.

*5. Ẹni tó ń tọ́jú náà nílò ìtọ́jú.*

Nígbà tí Èlíjà dùbúlẹ̀ lábẹ́ igi, tó ní kí òun kúkú kú, áńgẹ́lì tí Ọlọ́run rán sí i kò wàásù fún un. Ó gbé àkàrà àti omi fún un, ó jẹ́ kó sùn, ó tún jí i kó jẹun lẹ́ẹ̀kejì, torí pé ìrìn náà pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú, ẹ jẹun. Ẹ sùn. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn gbà á lọ́wọ́ yín fún wákàtí méjì. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ̀yin ará ìjọ, afọ́jú yẹn ò dá wá, àwọn kan ló mú un wá. "Àdúrà wa wà pẹ̀lú yín" dára, ṣùgbọ́n ẹ gbé ìkòkò ọbẹ̀ dání. Ẹ bá wọn fọ aṣọ. Ẹ fi mọ́tò gbé wọn lọ sí físíò lọ́jọ́ Túsìdeè. Ẹni tó bá ṣe é lóṣù kẹfà ló rántí jù.

*6. Tí ojú ò bá tíì mọ́ tán ńkọ́?*

A mọ àwọn tí ara wọn ò padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Pọ́ọ̀lù, tí Ọlọ́run lò láti wo ọ̀pọ̀ èèyàn sàn, fi Tírófímù sílẹ̀ ní Mílétù nínú àìsàn (2 Tímótì 4:20). Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì bú Tírófímù pé kò nígbàgbọ́.

Ẹ padà wo Bẹtisáídà. Kí ni Jésù kọ́kọ́ ṣe? Ó di ọkùnrin náà lọ́wọ́ mú. Gbogbo ìrìn jáde kúrò ní ìletò yẹn, kò rí nǹkan kan. Kò rí ojú Ẹni tó ń fà á. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọwọ́ Jésù kí ojú rẹ̀ tó là rárá. Ohun tí ẹ̀yin náà ní lónìí nìyẹn, bí àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ yìí bá dáa tàbí kò dáa.

*Ohun tí a ó ṣe lónìí*

• Ẹ mú ìwé kékeré kan, kí ẹ kọ ọjọ́ òní sí i àti ohun kan tí aláìsàn yín lè ṣe: "Màámi di bọ́tìnnì kan fúnra wọn." Lọ́jọ́ tí ọkàn yín bá rẹ̀wẹ̀sì, ẹ ṣí i kà.

• Ẹ gbàdúrà fún ti òní nìkan: kí wọ́n lè gbé omi mì wọ́ọ́rọ́wọ́, kí oorun kun wọ́n, kí owó oògùn ọ̀sẹ̀ yìí pé. Mánà ọjọ́ kan ni Ọlọ́run ń fún Ísírẹ́lì lójúmọ́, àyàfi ọjọ́ tó ṣáájú Sábáàtì.

• Tí ẹ ò bá ní aláìsàn nílé, ẹ pe ẹnìkan tó ní. Ẹ má bi í pé ṣé ara ti yá. Ẹ ní, "Kí ni mo lè gbà ṣe lọ́wọ́ ẹ lónìí?"

*Àdúrà*

Jésù Olúwa, O mọ ibi tí nǹkan dé nílé wa. A dúpẹ́ fún ìwọ̀nba tí a ti rí. Kò tíì tó, a ò sì fi í pa mọ́ fún Ọ. Jọ̀wọ́, tún gbé ọwọ́ lé e. Fún ọwọ́ tó rọ lágbára, tú ahọ́n tó wúwo, fi ọgbọ́n fún dókítà àti nọ́ọ̀sì, pèsè owó. Tu ẹni tó ń tọ́jú lára. Bí ọ̀nà náà bá sì gùn, má ṣe jọ̀wọ́ ọwọ́ wa. Ní orúkọ Rẹ la gbàdúrà. Àmín.

Ẹ kú ìtọ́jú o, ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á fi àlàáfíà fún wọn. Ẹ bá wa fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ẹnìkan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn ní òwúrọ̀ yìí.