Jẹ́ Kí Obìnrin Náà Kọrin Rẹ̀ Tán

Gbọ́, àbúrò mi. Jókòó tì mí díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìgbádùn ni mo fẹ́ bá ọ sọ, irú èyí tí a kì í sábà bá ara wa sọ, nítorí a ti gbà lọ́kàn wa pé obìnrin tó ní ọmọ, tó ní ìsọ̀ lọ́jà, tó tún ní oko, kò yẹ kó máa wá ìgbádùn kiri. Ó yẹ, jàre. Bí o bá lè rí wákàtí kan péré fún ara rẹ láàárín ọ̀sẹ̀, fi gbọ́ orin obìnrin kan láti orí àwo, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Àwo dúdú ńlá tí àwọn òbí wa máa ń gbé sórí gíráàmù ni mò ń sọ, kì í ṣe ti orí fóònù. Kí o sì wá ti àwọn obìnrin tó kọrin láàárín ọdún 1970 sí 1980.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ àwo ni pé àwo kì í jẹ́ kí èèyàn já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ obìnrin lẹ́nu. Ìwọ náà mọ bó ṣe ń rí fún wa níbi ìpàdé ẹbí: a ò tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tí ẹlòmíràn ti gbà á. Lórí fóònù, ohun kan náà là ń ṣe fún àwọn akọrin. A gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀, a tẹ̀ ẹ́ kọjá. Àwo kò gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ. Nínú wákà àti jùjú ayé ìgbà yẹn, ẹ̀gbẹ́ kan lè lọ tó ìṣẹ́jú 15 sí 20, orin kan ń wọnú òmíràn, akọrin ń kí èèyàn, ó ń gbàdúrà, ó ń fi ọ̀rọ̀ ṣọwọ́ sí ẹni tó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Bí o bá gé e kúrú, o ò mọ ibi tó ń lọ. Ó lè jẹ́ ìṣẹ́jú kẹtàlá ló fi ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ sí.

Bí o bá bi mí pé ọ̀dọ̀ ta ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ìbejì Lijadu ni, Táíwò àti Kẹ́hìndé. Ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 1948 ni wọ́n bí wọn, ní Jọ́ọ̀sì. Ìwọ náà mọ ohun tí Jọ́ọ̀sì jẹ́ fún àwa Yàgbà tí ìjọ ECWA tọ́ dàgbà. Ìlú tí olú iléeṣẹ́ ìjọ wa wà kì í ṣe ìlú àjèjì sí wa. Abẹ́ orúkọ Afrodisia, tí í ṣe ti iléeṣẹ́ àwo Decca, ni àwo wọn mẹ́rin ti jáde: Danger ní 1976, Mother Africa ní 1977, Sunshine ní 1978, Horizon Unlimited ní 1979. Àwo kan lọ́dọọdún, ọdún mẹ́rin léra wọn. Biddy Wright ni ọ̀gá olórin tó bá wọn ṣe é, ọkùnrin tó mọ oríṣiríṣi ohun èlò lò.

Danger dára fún ọjọ́ tí ara rẹ bá yá, tí o fẹ́ jó, gìtá ibẹ̀ ń ta, ìlù rẹ̀ sì le. Ṣùgbọ́n Mother Africa ni tèmi. Ó rọlẹ̀, èdè Yorùbá pọ̀ nínú rẹ̀, ohùn àwọn méjèèjì sì máa ń wọnú ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí o ò ní mọ ẹni tó dákẹ́ àti ẹni tó ń kọ ọ́ lọ. Tẹ́tí sí bí wọ́n ṣe ń mí. Wọ́n ń mí pọ̀ ni. Amẹ́ríkà ni wọ́n gbé lọ lẹ́yìn náà. Ní 1996, Kẹ́hìndé ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ó fara pa ní ọ̀pá ẹ̀yìn, orin sì dẹ́kun fún ìgbà pípẹ́. Ó kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019. Iléeṣẹ́ Numero Group ní Amẹ́ríkà ti ń tún àwo wọn tẹ̀ jáde láti 2024, nítorí náà bí o bá ní ọmọ tàbí àbúrò lókè òkun tó ń bèèrè ohun tó lè rà bọ̀ fún ọ, o ti mọ ohun tí wàá sọ. Má sọ pé kó ra bàtà.

Ti Salawa Àbẹ̀ní wà lọ́tọ̀. Oṣù Karùn-ún ọdún 1961 ni wọ́n bí i. Ní oṣù Kejì ọdún 1976 ni wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Mohammed, ọdún yẹn náà ni Salawa gbé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lọ́dọ̀ Leader Records, ó sì fi orúkọ olóògbé náà pe àwo ọ̀hún. Rò ó wò ná. Ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sí ọdún 15 tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé e, òun ló dìde láti dárò olórí orílẹ̀-èdè, àwọn àgbà sì gbé owó sílẹ̀ láti gbọ́ ọ. Bí o bá ní ọmọbìnrin nílé tí wọ́n ń sọ fún pé kó panu mọ́ níwájú àgbà, pè é wá síbi àwo yìí. Lẹ́yìn Salawa, wá ti Batile Àlàkẹ́ tó ṣáájú rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé òun ló kọ́kọ́ gbé wákà sórí àwo ńlá.

Mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ. O fẹ́ sọ pé ọmọ ìjọ ni ọ́, pé wákà jẹ́ orin àwọn obìnrin Mùsùlùmí, tí wọ́n fi ń ṣàríyá àti láti pàdé àwọn tó ti Mẹ́kà dé. Ọmọ ìjọ ni èmi náà. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí o gbọ́ ọ bí o ṣe máa gbọ́ obìnrin tó bá jókòó tì ọ́ nínú ọkọ̀ láti Ẹgbẹ́ dé Ìlọrin, tó sì ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. O ò ní bèèrè ìjọ tó ń lọ kí o tó dá a lóhùn.

Queen Ọládùnní Decency ńkọ́? Ìyẹn ni mo máa ń fi han àwọn tó rò pé ọkùnrin nìkan ló ni jùjú. Gìtá wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń ta á, òun ló sì ń darí àwọn ọkùnrin tó wà nínú Unity Orchestra. Ó kú ní 1978, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí mo bá gbé àwo rẹ̀ sí i, mi kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí tí gìtá yẹn fi máa dákẹ́.

Ẹni tí mo fẹ́ kí ìwọ ọmọ Odò-Ẹrẹ̀ ní ilẹ̀ Yàgbà má gbàgbé ni Comfort Ọmọge, olórin àṣíkò láti ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Ohùn ilẹ̀ rẹ̀ ló fi kọrin, kò fi ti Ọ̀yọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Àwa tí a kì í sábà gbọ́ èdè Yàgbà lórí rédíò, a mọ iyì ìyẹn ju ẹlòmíràn lọ. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ṣókùnkùn sí ọ, jẹ́ kó lọ, yóò tún padà wá.

Láti Tógò, wá àwo Bella Bellow. Ọdún 1973 ló kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀, ọmọ ọdún 28, nítorí náà ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 nìkan ló rí. Orin rẹ̀ tó ń jẹ́ Blewu ni akọrin Angélique Kidjo kọ ní Paris ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ọdún 2018, nígbà ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ parí, níwájú àwọn olórí orílẹ̀-èdè.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìtọ́jú àwo. Abẹ́rẹ́ gíráàmù ni kí o kọ́kọ́ náwó lé. Abẹ́rẹ́ tó ti jẹ máa ń ha ojú àwo ni, ohun tó bá sì ti ha kò ní padà mọ́. Ra abẹ́rẹ́ tuntun kí o tó ra àwo kejì. Bí o bá ń ra àwo àlòkù, gbé e sí ìmọ́lẹ̀ kí o wo ojú rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Ìlà wẹ́ẹ́wẹ́ kò burú, ariwo díẹ̀ ni yóò mú wá. Èyí tí èékánná rẹ bá lè bà ni yóò máa mú orin fò.

Lásìkò ọyẹ́, eruku ìlú wa yìí kì í dá nǹkan kan sí. Nu àwo kí o tó lò ó, nù ún yípo bí ìlà rẹ̀ ṣe lọ, má nù ún gba àárín kọjá. Èyí tó bá dọ̀tí gan-an, fi omi tútù tó mọ́ àti ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀ bíńtín fọ̀ ọ́ pẹ̀lú aṣọ òwú tó rọ̀, má jẹ́ kí omi kan bébà àárín rẹ̀, sì jẹ́ kó gbẹ níbòòji. Eteetí ni kí o máa fi ọwọ́ mú un. Gbé wọn nàró, má tò wọ́n lé ara wọn, má sì fi wọ́n sí yàrá tí páànù bá ti ń gbóná lé lórí ní oṣù Kẹta, wọn yóò ká kò.

Ti iná ńkọ́? Ẹ̀rọ àtijọ́ púpọ̀ ló jẹ́ pé bí iná bá ṣe ń sáré ni àwo ṣe ń sáré. Bí jẹnẹrétọ̀ kékeré rẹ bá ń sáré jù, ohùn Salawa yóò di ti ọmọdé, bó bá sì ń falẹ̀, yóò di ti ọkùnrin. Má rò pé àwo ló bàjẹ́. Iná oòrùn tó ní ínfátà tó dára máa ń dúró déédéé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní Èkó, Jazzhole tó wà ní Awolowo Road, Ìkòyí, ń ta àwo. Ṣùgbọ́n mi ò ní kí o kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Nígbà tí àwọn àwo yìí ń jáde, abẹ́ ìpínlẹ̀ Kwara la wà, Ìlọrin ni olú-ìlú wa, 1991 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Kogi sílẹ̀. Àwọn ìyá wa tó jẹ́ ọmọge nígbà náà, tí ọkọ wọn ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, ní Kàdúná, ní Jọ́ọ̀sì, kó àwo padà wálé pẹ̀lú ẹrù wọn. Páálí wọn wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, lórí àjà, lẹ́yìn àpótí aṣọ. Lọ bá màmá, kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, kí o sì bèèrè. Bí o bá rí èyí tó wà níbẹ̀, bá wọn gbọ́ ọ, kí o jẹ́ kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n ti jó o fún ọ. Lọ kí Kérésìmesì tó dé, nítorí ìgbà tí àwọn ọmọ bá wálé wá kun ilé ni wọ́n máa ń kó irú páálí bẹ́ẹ̀ dànù.