Ẹ Yẹ Ẹ̀jẹ̀ Wò Kí Ẹ Tó Gbé Àgbọ̀n fún Oníṣẹ́ Abẹ

Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní àwọn iléeṣẹ́ Ọba Akran, Ògbà àti Agége, ọ̀rọ̀ àgbọ̀n tó ń yọ síwájú ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Àgbọ̀n gígùn nìkan kì í ṣe àrùn. Bí ó bá ti rí bẹ́ẹ̀ láti kékeré, tí bàbá náà ní irú rẹ̀, ojú ìdílé ni. Bí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló wú, ọ̀ràn mìíràn nìyẹn, ẹ tètè lọ ya X-ray. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni ti ẹni ọgbọ̀n tàbí ogójì ọdún tí ojú rẹ̀ ń yí padà: eyín ìsàlẹ̀ kọjá tòkè, àlàfo là sáàárín eyín tó so pọ̀ tẹ́lẹ̀, imú àti ètè ń nípọn sí i. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀, ará ilé kì í tètè rí i. Ẹ mú káàdì iléeṣẹ́ tí wọ́n ya fún yín nígbà tí wọ́n gbà yín síṣẹ́, kí ẹ fi fọ́tò ibẹ̀ wé ojú yín nínú dígí. Bàtà ààbò yín ńkọ́? Bí ẹni tó ń wọ nọ́ńbà 42 bá di ẹni tó ń béèrè 45, tí òrùka ìgbéyàwó kò wọ ìka mọ́, tí kò sì sanra, ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Ohun tó lè fà á nìyí: ẹ̀yà ara kékeré kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ, òun ló ń tú họ́mónù ìdàgbàsókè jáde. Bí kókó bá hù níbẹ̀, họ́mónù náà á pọ̀ jù. Kókó ọ̀hún kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ. Ọmọ tí egungun rẹ̀ ṣì ń gùn á máa ga ṣáá. Ti àgbàlagbà, àgbọ̀n, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ló ń tóbi. Pierre Marie, dókítà ará Faransé, ló sọ ọ́ ní acromegaly lọ́dún 1886. Afeez Agoro, tí gbogbo Èkó mọ̀ fún gíga rẹ̀, tó kú lọ́dún 2023, bá àrùn yìí fà á.

Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Bí họ́mónù bá ṣì ń tú jáde lápọ̀jù, àgbọ̀n tí oníṣẹ́ abẹ gé láti tún ojú ṣe lè tún máa yọ, owó àti ìrora á sì ṣòfò. Ewu tún wà lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ: ahọ́n tó ti tóbi máa ń jẹ́ kó ṣòro láti ki róọ́bà ìmí bọ ọ̀nà ọ̀fun, àrùn náà sì máa ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà. Kò yẹ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n nígbà tí ẹ ti sùn.

Ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ fún dókítà: orí fífọ́, òógùn àpọ̀jù, híhanrun, ọwọ́ tó ń kú, ojú tí kò rí ẹ̀gbẹ́ mọ́. Ẹ ní kó kọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ IGF-1 fún yín. Bí ó bá ga, wọ́n á fún yín ní omi glucose mu, wọ́n á wò ó bóyá họ́mónù ìdàgbàsókè á wálẹ̀ bó ṣe yẹ, kí wọ́n tó ya àwòrán MRI. Ihò imú ni wọ́n sábà máa ń gbà yọ kókó náà. Dókítà họ́mónù àti oníṣẹ́ abẹ ẹnu wà ní ilé ìwòsàn LASUTH, ní Ìkẹjà.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ àgbọ̀n tó ṣì ń dàgbà, títí èsì ẹ̀jẹ̀ yóò fi jáde.