Ìsọ̀ Orí Ilẹ̀ Onílẹ̀

Ẹ̀yin ìyá wa tó ń pàtẹ ní ọjà Boundary, ẹ̀yin télọ̀ Ajegunle, ẹ̀yin olóúnjẹ tó ń bọ́ àwọn òṣìṣẹ́ èbúté Apapa, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Owó tó yẹ kí ẹ fi kún ọjà ni ẹ ń kó fún Facebook àti Instagram. Pátákó iwájú ìsọ̀ ti ṣá, ẹ kò tún un kùn. Oníbàárà ọdún mẹ́wàá kò yà mọ́, ẹ kò pè é wò. Ẹ ṣọ́ra gidigidi!

Lóòótọ́, ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Àmọ́ ilẹ̀ ta ni ẹ dúró sí tí ẹ ń polówó? Ní ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹwàá, 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà kárí ayé fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Ìrọ̀lẹ́ ni lọ́dọ̀ wa, àsìkò tí ènìyàn ń wá oúnjẹ alẹ́. Ní Oṣù Kẹfà ọdún yẹn kan náà ni ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa; 13 Oṣù Kìíní, 2022 ni wọ́n tó ṣí i. Ní 2025 ẹ̀wẹ̀, nígbà tí ìtanràn ìjọba ń fún Meta, ilé iṣẹ́ tó ni Facebook àti Instagram, lọ́rùn, tí ti FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, nìkan jẹ́ mílíọ̀nù 220 dọ́là, Meta sọ ní kóòtù pé òun lè ti méjèèjì pa ní Nàìjíríà. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ta ló bi yín léèrè?

Bí gbàǹjo ni wọ́n ṣe ń ta àyè ìpolówó lórí Facebook àti Instagram. Ẹgbẹ̀rún díẹ̀ tí ẹ san, ẹ̀yin àti àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá lẹ jọ ń fi du ojú kan náà. Ẹni tó sì yìn yín láti Kano kò lè wá jẹ àmàlà ní Boundary. Àwọn awakọ̀ tírélà tó ń dúró de ẹrù ní èbúté Tin Can, òórùn ọbẹ̀ àti ẹnu ẹlẹgbẹ́ wọn ló ń júwe búkà fún wọn.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti gbájúẹ̀. Bó bá gba ojú ìwé yín mọ́ yín lọ́wọ́, orúkọ yín ni yóò fi gbowó lọ́wọ́ oníbàárà yín, ẹ kò sì ní nọ́ńbà tí ẹ máa fi kìlọ̀ fún wọn.

Ẹ máa polówó níbẹ̀, n kò ní kí ẹ má ṣe é. Ṣùgbọ́n kí ìsọ̀ tó padé lónìí, ẹ ra ìwé kékeré kan. Oníbàárà tó bá wọlé, ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀.